Bí Alùfáà Mọ́tìnì Ṣe Sinmi Nínú Igbó Adánìkanwà

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin tí ẹ ní kí n sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń wá ìtàn tí yóò fi rẹ́rìn-ín sùn, kó yáa gba ilé ẹlòmíràn lọ, nítorí èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ní ẹ̀rín púpọ̀ nínú. Èmi ni Ògúnmọ́dẹdé ọmọ Ọdẹ́gbàmí. Mo ti fojú kan ẹfọ̀n tó ń bínú, mo sì ti bá ẹkùn pín ihò àpáta kan ṣoṣo nígbà òjò, òun ní apá kan, èmi ní apá kan, kálukú ń díbọ́n pé òun kò rí ẹnìkejì. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìrìn tí mo rìn láyé mi, èyí tí n kò mú ẹran kankan bọ̀ nínú rẹ̀ ló wúwo jù lọ́rùn mi, òun náà ni mo sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ níwájú yín.

Òyìnbó méjì ló wá gbé ìlú wa ní Ìgbórò nígbà náà, ọkọ àti aya, wọ́n ní ìwàásù làwọn bá wá. Alùfáà Mọ́tìnì ni ọkọ, Ìyá Ánà ni aya. Ọjọ́ tí Alùfáà kọ́kọ́ dé, aṣọ tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá ni àwọn agbẹ́rù fi gbé e wọ̀lú, okùn já, ó bọ́ sínú ẹrẹ̀ gbìì. Ó dìde, ó gbọn ẹ̀wù, ó ṣí agbòòrùn rẹ̀ gbààràgà, àwọn ewúrẹ́ Baálẹ̀ tí kò rí irú rẹ̀ rí sì tú ká, ọ̀kan kó sínú kànga. Bí ó ti sanwó ewúrẹ́ kí ó tó kí ẹnikẹ́ni nìyẹn. Ilé alámọ̀ ni wọ́n ń gbé bíi tiwa, ikán a máa jẹ ìwé wọn, òjò a máa jò sórí ibùsùn wọn, síbẹ̀ bó jẹ́ iṣu sísun lásán ni wọ́n fẹ́ jẹ, wọn á tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. Ó ń sọ èdè wa bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, àwọn ọmọdé a sì máa sín in jẹ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ tó sọ tí kò yéni. Ìyá Ánà ní tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Orí eékún ni ẹ ó bá a láàárọ̀, tó ń wẹ egbò fún ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ kan ṣoṣo tí òun alára bí, ẹ̀yìn ilé ìjọ ni wọ́n sin ín sí. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi yìí. Takúté tí mo fọwọ́ ara mi dẹ ló gé e dé eegun. Gbogbo ìlú ti ní kí n lọ gba igi ìtìlẹ̀, òun ló fi omi gbígbóná àti oògùn wẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ títí ó fi jinná, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi ju ẹ̀rín lọ.

Nǹkan kan wà tí àwọn méjèèjì kì í fi ṣeré, òun ni ọjọ́ Ìsinmi. Bí agogo ìjọ bá ti lù ní ọjọ́ náà, wọn kì í dáná, wọn kì í rìn kọjá ilé ìjọ, oúnjẹ tútù ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń jẹ. Opó kan wà tí ń jẹ́ Dórékà, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìrìbọmi. Ó sá àgbàdo, òjò ṣú ní ọjọ́ Ìsinmi, ó sì sáré kó o wọlé. Alùfáà yọ ọ́ kúrò nínú kíláàsì níṣojú gbogbo ìjọ. Obìnrin náà sunkún, àmọ́ kò di kùnrùngbùn sínú. Ojoojúmọ́ ló ṣì ń lọ bá Ìyá Ánà fọ aṣọ. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ibẹ̀ ni ìtàn mi ti gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀gún.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù wọn bọ̀ láti Etí-Ọ̀sà dojú dé. Aṣọ lọ, iyọ̀ lọ, àpótí oògùn náà sì bá omi lọ. Kò pẹ́ sí i ni ibà dá Ìyá Ánà dúbúlẹ̀. Bó bá gbóná tán, yóò máa gbọ̀n, bó bá gbọ̀n tán, yóò máa pe orúkọ ọmọ rẹ̀ tó kú. A fún un ní àgbo, ó mu ún, ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ibà tún padà dé pẹ̀lú agbára ju ti ìṣáájú. Àìsàn là á wò, ẹnìkan kì í wo ikú. Oògùn kan wà tó korò bí ẹ̀dá ayé, kínínì ni wọ́n ń pè é, òun ló máa ń ṣẹ́gun irú ibà yìí fún wọn, ó sì wà ní ilé ìjọ ńlá ní Etí-Ọ̀sà. Ṣùgbọ́n ogun ti dí ọ̀nà ọjà. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni ti Igbó Adánìkanwà, tí bàbá mi rìn já, tí èmi náà rìn já, tí ẹlòmíràn kò rìn já. Mo ní kí n dá lọ. Alùfáà ní àwọn òyìnbó Etí-Ọ̀sà kò mọ̀ mí, wọn kò ní fi oògùn lé ọdẹ tí wọn kò rí rí lọ́wọ́. Ó wọ bàtà, ó mú agbòòrùn. Dórékà jókòó ti aláìsàn. Ìyá Ánà na ọwọ́ sí mi, ọwọ́ náà gbóná bí ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, ó ní, "Ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rán an létí kó jẹun. Tó bá ń ronú, kì í jẹun."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti mú ọba já igbó rí, kò dà mí láàmú tó Alùfáà. Bàtà rẹ̀ ń pariwo, ẹran tó wà ní ibùsọ̀ kan sí wa ń gbọ́ wa. Bó bá fẹ́ jẹ ẹyọ iṣu kan, á di ojú, á gbàdúrà. Ìgbà kan tó dijú báyìí, ejò ọká gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kọjá, èmi dúró bí òpó, n kò lè ké. Nígbà tó lajú, ó bi mí pé kí ló dé tí mò ń làágùn. Oyin ta á, ó wú lójú, ó ní ọpẹ́ ni fún Olúwa pé ojú kan ṣoṣo ló kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ọkùnrin náà.

Nígbà tí a dé Odò Ọ̀yẹ́rẹ́, a bá Ẹlẹ́nulẹ́yìn lórí igi ńlá tó dábùú omi, èyí tí í ṣe afárá ibẹ̀. Iwin ni. Iwájú orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú nìkan ló wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ wà ní ìpàkọ́. Bó bá fẹ́ wò ọ́, á dákẹ́, bó bá fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀, á kẹ́yìn sí ọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, irú rẹ̀ pọ̀ láàárín ẹbí yín. Ó kẹ́yìn sí wa, ó ní, "Ọdẹ ọmọ ọdẹ, kí ni mo fi sílẹ̀ lónìí tí mo bá níbẹ̀ lọ́la, àmọ́ tí kì í ṣe òun ni mo fi sílẹ̀?"

Mo ní, "Odò ni. Omi àná ti lọ, tòní ló wà níbẹ̀."

"Ta ló wọ ààfin, tó ká ọba mọ́ orí ẹní, tó sọ ọba sílẹ̀ bí òkú, tí ẹ̀ṣọ́ kankan kò mú un?"

"Oorun ni. Bi mí ní èyí tó le."

Ó yíjú padà, ó wò mí pẹ́, ó tún kẹ́yìn sí mi. "Èyí tó le kò tíì tó àkókò. Ẹ san owó ibodè. Òrùka ọwọ́ òyìnbó yẹn tó mi."

Alùfáà ní òun kò ní fi nǹkan kan fún iwin, ẹbọ ni, àti pé òrùka náà ni òun fi gbé ìyàwó òun. Mo rí i pé bí a bá ń jiyàn níbẹ̀, aláìsàn á kú sílé. Mo wo ajá mi, Tanímọ̀la, tó ti bá mi dẹ ọdẹ láti kékeré, tó ti gba ehín ìnàkí sára nítorí mi. Mo dì í lọ́rùn mú, mo fà á lé iwin lọ́wọ́. Ajá náà kò gbó. Ó kàn ń wò mí pé ìgbà wo ni n ó pe òun. N kò pè é. Ẹlẹ́nulẹ́yìn ní, "Afárá yìí ó wà fún yín títí oṣù tuntun yóò fi yọ. Bí ojú bá ti rí oṣù lókè, èmi ó ká igi mi, omi ó sì gba ilé rẹ̀." Alùfáà gbá mi mọ́ra ní òdì kejì odò, ó sì bá mi gbé àpò mi títí a fi dé Etí-Ọ̀sà.

N kò ní fi Etí-Ọ̀sà dá yín dúró. Wọ́n fún wa ní kínínì nínú ìgò kékeré, mo fi gèlè ìyàwó mi tí mo fi di ikùn wé e, mo so ó mọ́ àyà, a kò sùn níbẹ̀, a yí padà. Ìgbà tí a ń bọ̀, Alùfáà ń sáré. Ọkùnrin tó máa ń dúró wo labalábá ń fi ẹ̀gún ya ẹ̀wù, kò wẹ̀yìn. Mo rò ó lọ́kàn mi pé, a ó bá obìnrin yìí láyé. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé a dé ìdí ìrókò ńlá kan. Bí a bá jí rìn láàárọ̀, a ó gun afárá kí oòrùn tó yí, a ó sì wọ Ìgbórò kí ilẹ̀ tó ṣú. Oṣù tuntun, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì náà ló ń bọ̀.

Ilẹ̀ mọ́, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká. Alùfáà jókòó, ó ti bọ́ bàtà.

Mo ní, "Alùfáà, ẹ dìde, ọ̀nà ń pè wá."

Ó ní, "Ọjọ́ Ìsinmi ni òní, ọdẹ."

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Mo ní, "Bàbá, ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ẹni tó sinmi sójú ọ̀nà, ibo ló dé?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ìyàwó yín ń kú lọ."

"Mo mọ̀ ọ́n, ọdẹ!" Ó pariwo, n kò gbọ́ ariwo lẹ́nu rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo lé Dórékà jáde nítorí àgbàdo. Gbogbo oúnjẹ tó ní lọ́dún náà ni. Mo sọ fún un pé Ọlọ́run ó tọ́jú ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ Rẹ̀. Tó bá wá kan èmi, tí mo dìde rìn, kí ni mo wá sọ nílùú yín láti ìgbà yìí? Irọ́?"

Bí mo bá ní kí n mú ìgò náà lọ ní èmi nìkan, kò sẹ́ni nílé tó mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó bí kò ṣe aláìsàn fúnra rẹ̀ tí ibà ń dà láàmú, wọ́n ní bó bá pọ̀ jù ó ń pa èèyàn. Bí mo bá sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀, wákàtí kan kò ní pé kí igbó tó jẹ ẹ́. Mo kúnlẹ̀, èmi tí n kò kúnlẹ̀ fún ẹran. Mo ní kó wo ẹsẹ̀ mi, kó rántí ẹni tó wò ó. Omi ń dà lójú rẹ̀. Ó ṣí Bíbélì, ó pa á dé, ó tún ṣí i. Oòrùn ń gòkè. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́, ó mú bàtà kan, ó kì í bọ ẹsẹ̀, ó ń so okùn rẹ̀. Inú mi dùn dé ibi pé mo ti kọjú sí ọ̀nà.

Ibẹ̀ ni ọ̀tá ọmọ aráyé yọ láàárín ewé. Iwin kékeré kan ni, kò ga ju orúnkún mi lọ, ó ru agbọ̀n, ó ń lọ sí ọjà àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ Alùfáà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Wọ èkejì, òyìnbó! Wọ èkejì! Ọjọ́ kan kò sàn ju ọjọ́ kan lọ. Òṣìṣẹ́ kan wà tí kò lóko, tí kò gbowó, tí kì í sinmi títí ayé. Ọdẹ, ta ni?"

Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọdé tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ̀ láti pe ikú níwájú ọkọ aláìsàn. Iwin ní, "O kò dáhùn? Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìgbórò báyìí, kò gbọ́ agogo. Dìde, òyìnbó, dìde máa rìn, kí àwa náà rí i!"

Mo wo ojú Alùfáà, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí okùn bàtà. Ó ní, "Mo mọ ohùn yìí. Ohùn tó máa ń wá bá èèyàn ní aginjù nìyí, tó máa ń fi ohun tí ọkàn èèyàn ń fẹ́ dán an wò." Ó tú okùn náà, ó bọ́ bàtà, ó gbé e jìnnà sí ara rẹ̀. Ṣé ẹ ti rí i? Bó jẹ́ pé iwin ní kó má rìn ni, à bá ti dé ilé. Mo yin ìbọn sí ẹ̀dá burúkú náà, ọta bá ìdí ìrókò, ó ti bọ́ sínú igbó, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ pé, "Èmi kò dá a dúró o! Mo ní kó máa lọ ni!" Alùfáà kúnlẹ̀, ó ń gbàdúrà títí oòrùn fi wọ̀. Nígbà tí oṣù tuntun yọ láàárín ewé, tín-ín-rín bí èékánná ọmọdé, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú mi.

Ní ọjọ́ Ajé, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, òun ló jí mi. A sáré dé odò. Igi ti lọ. Omi ti kún dé orí bèbè, ó pọ́n bí epo, ó ń gbé òkú ẹran lọ. A gba apá òkè odò, a ń gé igbó, a ń ṣubú, títí a fi dé ibi tí àpáta yọ díẹ̀ láàárín omi. Mo so okùn mọ́ ìbàdí mi àti tirẹ̀. Ní àárín gbùngbùn odò, ẹsẹ̀ mi yẹ̀, omi gbé mi, ọ̀nì kan sì yí ojú sí wa láti etí esùsú. Alùfáà yìí, tí àwọn ọmọdé ń sín jẹ, di okùn náà mú pẹ̀lú ehín àti ọwọ́, ó fi agbòòrùn gún ọ̀nì ní imú léraléra títí ẹranko náà fi ya agbòòrùn náà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì fà mí gòkè. Ìgò kò fọ́. Alùfáà tú u láyà mi, ó gbọn ọ́n létí rẹ̀ kó lè gbọ́ ìró oògùn nínú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, a tún ń sáré.

Ìrọ̀lẹ́ ni a dé ẹ̀yìn odi. Dórékà ló dúró níbẹ̀. Kò ké, kò fọwọ́ lérí. Ó rìn bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gba ìgò náà lọ́wọ́ Alùfáà, ó dì í mú sí àyà, ó ní, "Ẹ kú ìrìn, Bàbá. Ẹ kú ìrìn."

Alùfáà ní, "Ìgbà wo?"

"Láàárọ̀ yìí. Láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló ti ń wo ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí agogo lù lánàá, ó bi mí pé ọjọ́ wo ni. Mo ní ọjọ́ Ìsinmi ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, Bàbá. Ó ní, 'Ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, Dórékà, ẹ wá jókòó. Ọkọ mi kò ní rìn lónìí. Ẹ jẹ́ kí n sapá dọ̀la.' Ó sì sapá. Ibà ń jà á, ó ń di igi ibùsùn mú, títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí oòrùn yọ, ó ní, 'Ó ti gbéra báyìí.' Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Bó ṣe lọ nìyẹn."

Alùfáà kò ṣubú. Mo ti múra láti gbé e, kò ṣubú. A sin Ìyá Ánà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, òun ló ka ìwé, òun ló kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sí i. Gbogbo ìlú sunkún, àwọn tí kò gbọ́ ìwàásù rí sunkún, èmi sunkún ju ọjọ́ tí bàbá mi kú lọ. Nígbà tí èèyàn ti tú ká, ó wá bá mi nídìí ògiri ilé ìjọ níbi tí mo jókòó sí. Ó dúró. Ó ní, "Ọdẹ, ìwọ lo mọ igbó yẹn. Bí a bá ti rìn lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣé à bá bá a láàyè?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo àlọ́ tí iwin fi lọ̀ mí ni mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Èyí kì í ṣe àlọ́. Ẹnikẹ́ni tó lè ka ọwọ́ rẹ̀ mọ ìdáhùn rẹ̀, òun alára sì mọ̀ ọ́n, ó kàn fẹ́ kí ẹnìkan sọ ọ́ fún òun ni. Mo wo ilẹ̀. Ó dúró, ó ń retí. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ó ní, "O ṣeun," ó sì wọlé lọ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ó gbé àwo méjì sí i.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ dìde, ẹ máa lọ. Ẹni tó bá ní ẹni tó ń wo ẹnu ọ̀nà dè é, kó má ṣe dúró kí mi.